Ìlà Ìparí Nìkan Kò Tó Ẹ̀rí

Bí ọ̀rọ̀ eré ìje kẹ̀kẹ́ ológeere bá délẹ̀ ní Òjé, ní Ìbàdàn, yálà láàárín àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ṣe ni o, tàbí níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wo bọ́ọ̀lù, ìdájọ́ kan náà ni etí yóò gbọ́. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá le jù ni yóò ṣáájú, ẹni tó bá ṣáájú ló mọ̀ ọ́n gùn, ẹni tó bá sì kẹ́yìn, kó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Bí ẹnìkan bá wá béèrè ìdí tí a kì í fi í rí ọmọ Nàìjíríà nínú àwọn ìdíje ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: wọn kò dá ara wa fún un, ara òkè àti ara òtútù ni eré náà ń fẹ́. Òjé nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí wà. Òun náà ni àwọn kan ń sọ lórí rédíò, òun náà ló wà lọ́kàn àwọn kan tí wọ́n ń pín owó eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu débi pé ó ti ń jọ òtítọ́. Irọ́ ni, ó sì ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn eré, tó ń sọ pé lágbájá ló gba ipò kìn-ín-ní, tàmẹ̀dù ló gba ipò ogójì, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni eré náà gan-an. Ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí oorun kì í kùn, tí kò mọ ọmọ ta lo jẹ́, ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ atọpinpin tí gbogbo wa ń pè ní tracker, tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ olùdíje kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fi ìwé ara ògiri nìkan dá ẹjọ́ àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún wa, ìwà àgbà òṣìkà là ń hù.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń fojú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ rí, kò tíì mọ eré yìí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí ìyára bá ti tó kìlómítà 40 tàbí 50 ní wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára olùdíje, afẹ́fẹ́ ló fi ń bá jà. Ẹni tó wà níwájú ló ń jẹ gbogbo ìyà náà. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ díẹ̀. Ní ọdún 2018, Bert Blocken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Eindhoven, ní ilẹ̀ Netherlands, gbé ìwádìí jáde lórí agbo olùdíje 121. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá wà láàárín agbo náà sápá ẹ̀yìn lè máa bá ìdá 5 sí 10 péré jà nínú ọgọ́rùn-ún ìdènà afẹ́fẹ́ tí ì bá dojú kọ bó bá dá wà. Ẹ rò ó wò. Ọmọkùnrin méjì jọ dé ibì kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ọ̀kan ti fi àyà gba afẹ́fẹ́ láti òwúrọ̀, èkejì ti ń sinmi nínú agbo. Ìwé ara ògiri á ní ọgbọọgba ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọgbọọgba rárá.

Àwa ará Òjé ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọjà wa ń kún ní ọjọ́ kẹrìndínlógún síra, tí wọ́n á kó aṣọ òfì dé láti Ìsẹ́yìn, láti Ọ̀yọ́ àti láti ibòmíràn. Ẹni tó ra aṣọ náà, orúkọ ẹni tó tà á fún un nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ran òwú, ẹni tó ta á, ẹni tó jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ di alẹ́, ẹni tó rán aṣọ tín-ín-rín náà pọ̀ títí ó fi di ìró àti agbádá, kò sí orúkọ wọn lára aṣọ. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Òjé gidi tí yóò sọ pé ẹni tó tà á ló hun ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré kẹ̀kẹ́ rí. Olùdíje mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ kan ń kó wá sí Tour de France. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò gun orí pèpéle. Àwọn méje yòókù ló ń padà sídìí mọ́tò lọ gbé omi, àwọn ló ń gba afẹ́fẹ́ fún un, àwọn ló ń bọ́ kẹ̀kẹ́ wọn fún un bí tirẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ipò 120 lè jẹ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ jù lọ lọ́jọ́ náà, ìwé ara ògiri kò sì ní sọ ọ́ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2015, eré Tour de France gun òkè kan tó ga lókè ìlú Mende, ó sì parí sí pápákọ̀ òfurufú kékeré tó wà lórí òkè náà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì tí gbogbo ayé mọ̀ sí agunkè, Thibaut Pinot àti Romain Bardet, ni wọ́n wà níwájú. Wọ́n ń wo ojú ara wọn, olúkúlùkù ń retí pé kí ẹnìkejì ṣí eré. Steve Cummings, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún MTN-Qhubeka, ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ti fi ìwọ̀n agbára ara rẹ̀ gun òkè náà láìsáré bá ẹnikẹ́ni. Ó yọ sí wọn lẹ́yìn, ó kọjá wọn, ó gba ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ tí ayé yà sọ́tọ̀ fún Mandela. Ẹni tó ka ìwé ìparí nìkan á sọ pé Cummings ló mọ òkè gùn jù lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì yẹn mọ òkè gùn jù ú lọ. Ohun tó fi borí wọn ni pé ó mọ ibi tó yẹ kó ti fi agbára pamọ́ àti ìṣẹ́jú tó yẹ kó ná an. Nínú àkọsílẹ̀ ìyára àti àlàfo ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú nìkan ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti máa ń hàn sójú táyé.

Èkejì: eré àwọn obìnrin ní Òlíḿpíìkì Tokyo, ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2021, kìlómítà 137. Anna Kiesenhofer, ọmọ Austria, onímọ̀ ìṣirò tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kò ní ẹgbẹ́ alámọ̀ọ́ṣẹ́ kankan tó ń sanwó fún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ló ti fi agbo sílẹ̀. Àwọn obìnrin Netherlands mẹ́rin, tí olúkúlùkù wọn tó ìdíje gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wà lẹ́yìn. Wọn kò gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ létí láyè nínú eré náà, nítorí náà, nígbà tí agbo bá àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n rò pé àwọn ti bá gbogbo wọn. Wọ́n ti gbàgbé ẹnìkan. Annemiek van Vleuten na ọwọ́ sókè níbi ìlà, ó ń yọ̀ pé òun ti borí, láìmọ̀ pé ó ti lé ní ìṣẹ́jú kan tí Kiesenhofer ti dé. Ẹsẹ̀ van Vleuten kò rọ lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ ibi tí ẹnìkejì wà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ní kí á fi ẹsẹ̀ nìkan ṣàlàyé eré Tokyo, itọ́ yóò gbẹ mọ́ wa lẹ́nu.

Ní ọdún 2015 kan náà tí Cummings borí ní Mende ni Tour de France bẹ̀rẹ̀ sí so ẹ̀rọ atọpinpin mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ gbogbo olùdíje 198. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ẹ̀rọ náà ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn alùpùpù àti ọkọ̀ òfurufú tó ń bá eré lọ, àwọn yẹn ń ta á látaré sí ọkọ̀ ńlá kan tó dúró síbi ìparí, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á wá ṣírò ìyára olúkúlùkù, ipò rẹ̀ nínú agbo àti iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín òun àti ẹni tó ṣáájú. Ta ló ṣe iṣẹ́ náà? Dimension Data ni, ilé-iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Kí àwọn tó ń sọ pé ohun òyìnbó ni òǹkà kẹ̀kẹ́ gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí eré tó tóbi jù láyé ń wá ẹni tí yóò ka ìrìn àwọn olùdíje rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti rí i.

Kí wá ni àkọsílẹ̀ yìí lè sọ nípa ọmọ wa? Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tó ń sá eré Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀nà tín-ín-rín, olùdíje 150. Kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè gbà á sí àárín, nítorí náà ẹ̀yìn agbo ló wà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé kọ́nà, àwọn iwájú á rọra tẹ bíréèkì, wọ́n á sì kọjá. Àwọn ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, wọ́n á tún fi tagbáratagbára sáré kí àlàfo má baà ṣí. Bí kọ́nà ọgọ́rùn-ún bá wà lójú ọ̀nà, ọmọ wa ti sá eré àsápajúdé nígbà ọgọ́rùn-ún kí òkè àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni iwájú kò tíì sá ọ̀kan. Ìdí òkè ni wọ́n dé yìí: ẹni tó máa borí wà ní ipò karùn-ún, ọmọ wa wà ní ipò 120, ó sì ti fi ìdajì ìṣẹ́jú kẹ́yìn kó tó gun ìgbésẹ̀ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń dínà mọ́ ọn, ó ń wá ibi tí yóò gbà kọjá. Nígbà tó fi máa dé orí òkè, agbo àkọ́kọ́ ti lọ. Ìwé ara ògiri á kọ ọ́ pé wọ́n já a sílẹ̀ lórí òkè. Àwa nílé á gbọ́, a ó mi orí, a ó ní: a ti sọ, ara wa kì í ṣe ara òkè.

Ẹ wá ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ atọpinpin. Ẹ ka ìgbà tó dé ìdí òkè àti ìgbà tó dé orí rẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé iye ìṣẹ́jú tí ọmọ wa fi gun òkè náà kò ju ti ẹni tó gba ipò kẹwàá lọ. Ìdí òkè ló ti pàdánù, ibi tó wà nínú agbo ló pa á. Bí ìdájọ́ bá yí padà, ìwòsàn gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le, yóò máa gun òkè ní òun nìkan láti oṣù dé oṣù, yóò tún padà lọ wà ní ẹ̀yìn agbo. Ẹni tí wọ́n bá fi han pé ipò ló ń pa á, ohun tó nílò ni ọjọ́ ìdíje púpọ̀, agbo tó kún, àti ẹlẹgbẹ́ kan tí yóò mú un dé iwájú kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni eré kẹ̀kẹ́ ń bèèrè, ọjà tí wọ́n sì ti ń rí i kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan á dìde, wọ́n á ní àwọn kò sọ pé kí a má ka nǹkan. Ohun tó yẹ kí a kà ni agbára tó ń jáde láti ẹsẹ̀. Ulrich Schoberer, ẹnjiníà ọmọ Jámánì, ló gbé ẹ̀rọ SRM jáde ní 1986, èyí tó ń wọn agbára náà ní wáàtì lára kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Lónìí kò sí ẹgbẹ́ ńlá tí kì í lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Pín wáàtì sí ìwọ̀n ara olùdíje, ni wọ́n ń wí, o ti mọ ẹni tó dára. Èmi kò ka ẹ̀rọ náà sí ohun yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ pé òun nìkan tó jẹ́ ọmọ ìyá ìgbàgbọ́ nínú ìwé ara ògiri. Wáàtì ń sọ iye tí ẹsẹ̀ ná. Kò sọ ohun tí wọ́n fi owó náà rà. Ọmọ tó ń sáré ní gbogbo kọ́nà lẹ́yìn agbo lè ní wáàtì tó pọ̀ ju ti ẹni tó borí lọ. Bí o bá fi wáàtì nìkan dájọ́, o ó yìn ín fún òmùgọ̀ iṣẹ́ tó ṣe.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fojú Chris Froome rí, ọmọ tí wọ́n bí ní Nairobi, tó sì bẹ̀rẹ̀ eré kẹ̀kẹ́ ní Kenya. Ní Tour 2015 ó fi gbogbo àwọn alátakò rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè La Pierre-Saint-Martin. Ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Faransé gbé ìṣirò jáde láti òkèèrè pé agbára rẹ̀ tó wáàtì 7.04 fún kílò kan nínú ìwọ̀n ara rẹ̀, òǹkà tó ń jẹ́ kí ènìyàn fura sí oògùn. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Team Sky, kó àkọsílẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà jáde: 5.78 ni. Ọkùnrin kan náà, òkè kan náà, ọjọ́ kan náà, òǹkà méjì tí wọ́n jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹnìkan tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà da ìtọ̀ lé e lára. Ohun tí ìfura tí kò ní àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ń dá sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó gbé òǹkà kan ṣoṣo dání, tí kò mọ ojú ọ̀nà tó ti wá, òkùnkùn ló wà.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ara tí wọ́n ní wọn kò dá fún un. Nínú Tour 2015, Daniel Teklehaimanot, ọmọ Eritrea, wọ ẹ̀wù funfun alámì pupa róbótó-róbótó tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kó máàkì òkè jọ jù. Òkè ni o, ohun tí wọ́n ní kì í ṣe tiwa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2022, Biniam Girmay, ọmọ Asmara, borí nínú Gent-Wevelgem ní Belgium. Ní oṣù Keje 2024 ó gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀mẹta nínú Tour de France, ní Turin, ní Colombey-les-Deux-Églises àti ní Villeneuve-sur-Lot, ó sì gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ sílé, ẹ̀wù tí aláwọ̀ dúdú kankan kò gbà rí. Girmay kò já bọ́ láti ọ̀run. Eritrea ní eré kẹ̀kẹ́ nínú ìlú láti ìgbà pípẹ́. Ó sá eré ní Gabon, nínú La Tropicale Amissa Bongo. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ibùdó UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ní Aigle ní Switzerland. Ọjọ́ ìdíje ló kó jọ, ipò nínú agbo ló kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi borí, kó wo ibi tó wà nígbà tó ku mítà 500, kí ó tó wo itan rẹ̀.

Ẹ tún wo Kigali, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìdíje àgbáyé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Eré àwọn ọkùnrin jẹ́ kìlómítà 267.5, òkè tí wọ́n gùn lápapọ̀ sì jẹ́ mítà 5,475, nínú ìlú tó ga tó mítà 1,500. Tadej Pogačar ló borí. Olùdíje 30 péré ló parí eré. Àwọn ọmọ Yúróòpù tí wọ́n bí sáàárín òkè àti yìnyín wà lára àwọn tó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ara wọn kì í ṣe ara òkè. Remco Evenepoel, tó gba ipò kejì, ní wàhálà pẹ̀lú ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí àwọn yòókù ń lọ. Gbogbo ayé ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, nítorí kámẹ́rà wà níwájú rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà tí ohun kan náà bá ṣẹlẹ̀ sí ní ẹ̀yìn agbo, níbi tí kámẹ́rà kì í dé, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀rọ atọpinpin nìkan ló ń ka ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn bákan náà.

Nàìjíríà ti rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, Ese Ukpeseraye, tó bá eré ojú ọ̀nà lọ, rí àyè gbà nígbà tó kù díẹ̀ láti díje nínú eré inú pápá kẹ̀kẹ́. Kò ní kẹ̀kẹ́ tó bá eré náà mu. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní kẹ̀kẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Ìwé ìparí kọ àkókò àti ipò rẹ̀ sílẹ̀ bí ti gbogbo èèyàn. Kò kọ ọ́ pé kẹ̀kẹ́ àyálò ló gùn, èyí tí ara rẹ̀ kò mọ̀ rí. Ẹni tó bá fi ìwé náà wọn agbára ọmọbìnrin yìí, kó mọ̀ pé ara àwa tí a rán an níṣẹ́ ló ń wọ̀n.

Wọ́n á ní owó dà? Ní Ìbàdàn níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mọ́tò akérò ló ti so tracker mọ́ ọn kí dírẹ́bà má baà gbé e sá lọ. Fóònù tó wà nínú àpò ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, pàápàá láàárín ilé gíga, kò sì ní lè sọ nínú agbo ta ló fi orí ṣáájú ta. Ṣùgbọ́n ó lè sọ iye ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù fi gun òkè Màpó láti Bẹẹrẹ, ó lè sọ ẹni tí àlàfo ṣí mọ́ lọ́wọ́ àti ibi tó ti ṣí. Èyí tó nílò jù kì í ṣe owó. Ẹni tí yóò tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, tí yóò kà á, tí yóò sì bá ọmọ náà jókòó lé e lórí, la nílò.

Wọ́n á tún ní yóò ba adùn eré jẹ́. Christian Prudhomme, olórí Tour de France, sọ ní ọdún 2018 pé kí wọ́n fòfin de ẹ̀rọ wáàtì nínú eré, nítorí ó ń pa adùn àìmọ̀ ẹni tí yóò borí. Ó ní ẹjọ́ tirẹ̀, èmi kò bá a jà: olùdíje tó ń wo òǹkà lórí irin kẹ̀kẹ́ dípò ojú alátakò rẹ̀ ti sọ eré di iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ atọpinpin tí a ń kà lẹ́yìn eré kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe ọ̀gá.

Ẹ̀rù kan wà tí mo gbà pé ó tọ́ kí a bà: ta ni yóò ni àkọsílẹ̀ náà? Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Muriel Furrer, ọmọ Switzerland ọdún 18, ṣubú sínú igbó nígbà ìdíje àgbáyé ní Zurich. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ikú yìí ló mú kí UCI tẹra mọ́ ọn pé kí ẹ̀rọ atọpinpin wà lára olùdíje fún ààbò. Ní oṣù Kẹjọ 2025, nínú eré àwọn obìnrin ní Romandie, ẹgbẹ́ márùn-ún kọ̀ láti yan olùdíje tí yóò gbé ẹ̀rọ náà, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú eré. Oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n lo ẹ̀rọ náà fún gbogbo olùdíje ní Kigali. Àwọn ọlọ́rọ̀ ń jà nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun iyebíye ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tó laágùn ló ni òǹkà òógùn rẹ̀. Kí olùdíje gba ẹ̀dà tirẹ̀, kí àjọ má tà á láìgba àṣẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi dù ú.

Nígbà tí Ògùn gbàlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní oṣù Karùn-ún 2025, iye àmì-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń kà fún ara wa lójoojúmọ́. Ohun tí a mọ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan kò ju ìyẹn lọ. Mo ń bá ìjọba Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, mo ń bá àjọ eré kẹ̀kẹ́ Nàìjíríà sọ̀rọ̀, mo ń bá Yunifásítì Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ eré ìdárayá, sọ̀rọ̀. Òkè wà ní Ìbàdàn. Ẹ ti ọ̀nà fún wákàtí díẹ̀ ní àárọ̀ Sunday kan lóṣooṣù, láti Ọjà'ba gba Màpó sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, wá sí Òjé, kí ẹ yí i padà. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ kẹ̀kẹ́ gbogbo ọmọ tó bá wá, ti akọ ti abo. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún márùn-ún, kí ẹ fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ẹ má yọ ọmọ kankan kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ipò tó gbà, àyàfi bí ẹ bá ti ka ojú ọ̀nà tó gbà dé ipò náà.

Ìgbà tí a bá ti ṣe èyí tán, bí àwọn ọmọ wa kò bá tíì borí, a ó mọ ìdí rẹ̀, a ó sì mọ ohun tó kàn láti ṣe. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ọmọ Yorùbá kan pé wọn kò dá ara rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́, nítorí kò sí ẹni tó tíì wò ó.